Ohun èlò àfikún fún ẹ̀rọ aṣílẹ̀kùn ilé ìgbọ́kọ̀sí

Ohun èlò àfikún fún ẹ̀rọ aṣílẹ̀kùn ilé ìgbọ́kọ̀sí ni àwọn nǹkan tí a máa ń so mọ́ ẹ̀rọ tí ń ṣí ilẹ̀kùn ilé tí a ń gbé ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ sí, tàbí tí a ń lò pẹ̀lú rẹ̀, kí ilẹ̀kùn náà lè rọrùn láti lò, kí olè má baà gba ibẹ̀ wọlé, kí ó má sì pa ẹnikẹ́ni lára. Lára wọn ni rìmóòtù, pátákó nọ́ńbà tí a ń kàn mọ́ ògiri ìta, ojú ẹ̀rọ tí ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, bátìrì ìrọ́pò, ọ̀pá ìdábùú tí ń ti ara rẹ̀, àti ẹ̀rọ tí ń so ilẹ̀kùn pọ̀ mọ́ fóònù nípasẹ̀ íntánẹ́ẹ̀tì.

Orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà wà lára ibi tí irú ẹ̀rọ yìí ti gbilẹ̀ jù lọ. Níbẹ̀, ilé ìgbọ́kọ̀sí sábà máa ń lẹ̀ mọ́ ilé gbígbé, ilẹ̀kùn kékeré kan ni ó sì máa ń wà láàárín àwọn méjèèjì. Ẹni tí ó bá ti rí ilẹ̀kùn ńlá ṣí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ inú ilé tán. Nítorí náà, ìrọ̀rùn àti ààbò kì í fi gbogbo ìgbà bá ara wọn rìn lórí ẹ̀rọ yìí: gbogbo ọ̀nà tuntun tí onílé bá fi ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ ni ó tún di ọ̀nà kan tí ó gbọ́dọ̀ máa ṣọ́.

## Orúkọ

Lẹ́nu àwọn Yorùbá, gáráàjì sábà máa ń túmọ̀ sí ibùdókọ̀ tí àwọn èrò ti ń wọ ọkọ̀ lọ sí ìrìn àjò. Èyí kọ́ ni àyọkà yìí ń sọ. Ilé ìgbọ́kọ̀sí tí a ní lọ́kàn níbí ni yàrá tàbí ilé kékeré tí onílé ń gbé ọkọ̀ ara rẹ̀ sí. Ẹ̀rọ aṣílẹ̀kùn sì ni ẹ̀rọ oníná mànàmáná tí ń fa ilẹ̀kùn ibẹ̀ sókè, tí ó sì ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

## Ìtàn

Ní ọdún 1921, ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ C. G. Johnson ṣe ilẹ̀kùn ilé ìgbọ́kọ̀sí tí a ń fà sókè, tí ó sì ń lọ dùbúlẹ̀ sábẹ́ àjà. Ṣáájú àkókò yẹn, ilẹ̀kùn aláwẹ́ méjì tí a ń ṣí síta ni ó wọ́pọ̀. Ní ọdún 1926, Johnson yìí kan náà ṣe ẹ̀rọ oníná mànàmáná tí ó lè gbé irú ilẹ̀kùn bẹ́ẹ̀ fúnra rẹ̀, ní ìlú Hartford City ní ìpínlẹ̀ Indiana.

Ẹ̀rọ náà kò tàn kálẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀yìn Ogun Àgbáyé Kejì ni àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í rà á, nígbà tí ilé iṣẹ́ Era Meter ní ìlú Ṣìkágò gbé irú tirẹ̀ jáde. Súwíìṣì tí ó wà nínú ilé ìgbọ́kọ̀sí, tàbí pátákó bọ́tìnì tí a gbé sórí òpó kan lẹ́bàá ọ̀nà àbáwọlé, ni wọ́n fi ń darí rẹ̀. Èyí fi hàn pé pátákó nọ́ńbà, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kà sí ohun ìgbàlódé, wà lára àwọn ohun èlò tí ó pẹ́ jù lọ nínú iṣẹ́ yìí.

Lẹ́yìn náà ni rìmóòtù tí ń lo ìgbì rédíò dé. Àwọn ti àkọ́kọ́ kò ní àmì ìdánimọ̀ kankan: ẹ̀rọ yòówù tí ó bá gbọ́ ìgbì náà ni yóò ṣí ilẹ̀kùn. Bí ẹ̀rọ náà ṣe ń pọ̀ sí i ní àdúgbò, ẹnì kan lè tẹ bọ́tìnì rẹ̀ kí ilẹ̀kùn aládùúgbò rẹ̀ ṣí. Ìṣòro yìí ni ó bí kóòdù. Láti ìgbà náà títí di òní, ìtàn àwọn ohun èlò wọ̀nyí ti jẹ́ ìtàn ìdíje láàárín àwọn tí ń ṣe kóòdù àti àwọn tí ń wá ọ̀nà láti já a.

## Bí ẹ̀rọ náà ṣe ń ṣiṣẹ́

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ẹ̀rọ ni ó ń gbé gbogbo ìwúwo ilẹ̀kùn, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀. Sípíríǹgì irin tí a fún le dáadáa ni ó ń gbé èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Bí sípíríǹgì bá wà ní ìwọ̀n tí ó yẹ, àgbàlagbà kan lè fi ọwọ́ gbé ilẹ̀kùn tí ó wúwo ju òun gan-an lọ. Iṣẹ́ ẹ̀rọ ni láti tì í síwá sẹ́yìn. Agbára tí ó wà nínú sípíríǹgì yìí lè ṣe ènìyàn léṣe gidigidi bí ó bá já tàbí bí a bá tú u láìmọ̀ ọ́n, nítorí náà oníṣẹ́ tí ó mọ̀ nípa rẹ̀ nìkan ni ó yẹ kí ó fọwọ́ kàn án.

Ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ máa ń so rọ̀ lábẹ́ àjà. Irin gígùn kan jáde láti ara rẹ̀ dé orí ilẹ̀kùn, ṣéènì tàbí bẹ́líìtì sì ń fa ohun kan tí ń rìn lórí irin náà síwájú àti sẹ́yìn. Ohun tí ń rìn yìí ni a so ilẹ̀kùn mọ́. Okùn kan, tí ó sábà máa ń jẹ́ pupa, so rọ̀ láti ara rẹ̀. Bí a bá fa okùn náà, ilẹ̀kùn yóò já kúrò lára ẹ̀rọ, a ó sì lè fi ọwọ́ ṣí i nígbà tí iná bá lọ tàbí tí ẹnì kan bá há.

Ọ̀nà méjì ni àṣẹ máa ń gbà dé ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ. Èkíní ni ìgbì rédíò tí ẹ̀rọ agbàmì inú rẹ̀ ń gbọ́. Èkejì ni wáyà tí ó ti ara bọ́tìnì ògiri wá. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ àtijọ́, bọ́tìnì ògiri kò ṣe ju pé ó ń so wáyà méjì pọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Nítorí ìdí èyí, ohun èlò àfikún yòówù tí ó bá lè so wáyà méjì pọ̀ lè ṣí irú ilẹ̀kùn bẹ́ẹ̀. Nínú àwọn ẹ̀rọ tuntun kan, bọ́tìnì ògiri àti ẹ̀rọ ń fi kóòdù bá ara wọn sọ̀rọ̀ lórí wáyà, kí a tó lè so ohun èlò ilé iṣẹ́ mìíràn mọ́ wọn, ó lè di dandan láti ra ohun ìsopọ̀ kan sí i. Ó yẹ kí ẹni tí ó fẹ́ ra ohun èlò kọ́kọ́ mọ irú èyí tí ó wà nílé rẹ̀.

## Rìmóòtù àti kóòdù

### Kóòdù aláìyípadà

Nínú àwọn rìmóòtù tí ó kọ́kọ́ ní kóòdù, súwíìṣì kéékèèké wà nínú rìmóòtù àti nínú ẹ̀rọ. Onílé yóò tò wọ́n bákan náà ní ibi méjèèjì. Súwíìṣì 8 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lè wà ní ipò méjì ń fúnni ní kóòdù 256 péré, súwíìṣì 12 sì ń fúnni ní 4,096. Èyí tó láti ya ilẹ̀kùn aládùúgbò kan sọ́tọ̀ kúrò lára òmíràn, ṣùgbọ́n kò tó láti dá olè dúró, nítorí pé kóòdù kan náà ni rìmóòtù ń fọ́n sí afẹ́fẹ́ lójoojúmọ́. Ẹni tí ó bá ní ẹ̀rọ tí ó lè gbà á sílẹ̀ lè tún un fọ́n nígbà tí onílé bá ti jáde.

Ní ọdún 2015, oníṣẹ́ ìwádìí ààbò ẹ̀rọ kan ní Amẹ́ríkà, Samy Kamkar, fi hàn pé kò tilẹ̀ di dandan kí olè gbọ́ kóòdù náà rí. Ó tún ohun ìṣeré ọmọdé kan ṣe, ó sì pe àbájáde rẹ̀ ní OpenSesame. Ó lè dán gbogbo kóòdù aláìyípadà tí ó wọ́pọ̀ wò láàárín àkókò tí kò tó ìṣẹ́jú àáyá 10. Àṣírí rẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ àtijọ́ kì í wo ibi tí kóòdù kan ti parí àti ibi tí òmíràn ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n kàn ń wo àwọn àmì bí wọ́n ti ń wọlé títí wọn yóò fi rí tiwọn láàárín wọn. Kamkar lo ètò ìṣirò tí a fi orúkọ onímọ̀ ìṣirò ilẹ̀ Nẹ́dálándì, de Bruijn, pè. Ètò yìí ń jẹ́ kí ìparí kóòdù kan jẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ òmíràn, tí àkókò tí gbogbo wọn ń gbà fi dín kù gidigidi.

### Kóòdù ayípadà

Láàárín àwọn ọdún 1990 ni kóòdù ayípadà di ohun tí ó wọ́pọ̀. Nínú ètò yìí, rìmóòtù kì í lo kóòdù kan lẹ́ẹ̀mejì. Rìmóòtù àti ẹ̀rọ ní kọ́kọ́rọ́ ìkọ̀kọ̀ kan náà, àwọn méjèèjì sì ń ka iye ìgbà tí a ti tẹ bọ́tìnì. Wọ́n ń fi kọ́kọ́rọ́ ìkọ̀kọ̀ náà yí òǹkà yìí padà sí àmì tí kò ní ìtumọ̀ lójú ẹlòmíràn. Bí a bá tẹ bọ́tìnì nígbà tí a jìnnà sílé, òǹkà rìmóòtù yóò ṣáájú ti ẹ̀rọ. Nítorí náà ni ẹ̀rọ ṣe máa ń gba kóòdù tí ó bá ṣáájú díẹ̀, ṣùgbọ́n kì í gba èyí tí ó ti kọjá.

Ọ̀kan nínú àwọn ètò kóòdù ayípadà tí ó lókìkí jù lọ, KeeLoq, jẹ́ iṣẹ́ ọmọ ilẹ̀ Áfríkà. Ilé iṣẹ́ Nanoteq ní Gúúsù Áfríkà ni ó ti jáde láàárín àwọn ọdún 1980, ilé iṣẹ́ Microchip ti Amẹ́ríkà sì rà á ní ọdún 1995. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ tí ń ṣe kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ àti ẹ̀rọ aṣílẹ̀kùn ni ó lò ó. Ní ọdún 2008, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Ruhr ní Bochum, ní orílẹ̀-èdè Jámánì, fi hàn pé a lè wo bí ẹ̀rọ KeeLoq ṣe ń lo iná mànàmáná kí a sì ti ibẹ̀ mọ kọ́kọ́rọ́ ìkọ̀kọ̀ ilé iṣẹ́ tí ó ṣe é. Ẹni tí ó bá ti ní kọ́kọ́rọ́ yẹn lè ṣe ẹ̀dà rìmóòtù ẹlòmíràn lẹ́yìn tí ó bá gbọ́ ìwọ̀nba àmì díẹ̀ láti ara rẹ̀.

Ní ọdún 2015 bákan náà, Kamkar fi ẹ̀rọ kan tí ó pè ní RollJam hàn ní ìpàdé DEF CON ní ìlú Las Vegas. Nígbà tí onílé bá tẹ rìmóòtù, RollJam yóò fi ariwo ìgbì bo àmì náà mọ́lẹ̀ kí ilẹ̀kùn má baà gbọ́, yóò sì gbà á sílẹ̀. Onílé yóò rò pé bọ́tìnì kò wọlé dáadáa, yóò sì tún un tẹ̀. RollJam yóò gba èkejì náà sílẹ̀, yóò wá fọ́n èkíní kí ilẹ̀kùn lè ṣí. Kóòdù kejì tí ẹnikẹ́ni kò tíì lò yóò wá kù sí ọwọ́ olè. Ẹ̀tàn yìí kò sọ pé kóòdù ayípadà kò wúlò. Ó ṣì le láti já ju kóòdù aláìyípadà lọ lọ́nà tí kò ní àfiwé, olè sì gbọ́dọ̀ wà nítòsí lásìkò tí onílé ń lo rìmóòtù rẹ̀ gan-an.

### Ìgbì rédíò

Ní Amẹ́ríkà, ìgbì tí ó wà láàárín 300 àti 400 MHz ni ọ̀pọ̀ rìmóòtù ń lò, pàápàá 315 àti 390 MHz. Ní Yúróòpù, 433.92 àti 868 MHz ni ó wọ́pọ̀. Àwọn rìmóòtù wọ̀nyí kò nílò ìwé àṣẹ, ṣùgbọ́n òfin sọ pé wọ́n gbọ́dọ̀ fara da ìdíwọ́ láti ọ̀dọ̀ àwọn tí ó ní àṣẹ. Ní nǹkan bí ọdún 2004 àti 2005, nígbà tí àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í lo rédíò tuntun láàárín 380 àti 400 MHz, rìmóòtù àwọn ará àdúgbò tí ó yí àwọn ibùdó ológun kan ká kò ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́. Nítorí irú ìṣòro yìí, àwọn ẹ̀rọ tuntun kan máa ń lo ìgbì ju ẹyọ kan lọ, kí àmì lè gba ibòmíràn kọjá bí ọ̀nà kan bá dí.

### Rìmóòtù tí ó bá ẹ̀rọ púpọ̀ mu

Rìmóòtù kan wà tí a lè kọ́ ní kóòdù oríṣiríṣi ẹ̀rọ. Ilé iṣẹ́ Skylink ṣe irú èyí, ilé iṣẹ́ Chamberlain, tí ó ń ṣe ẹ̀rọ aṣílẹ̀kùn, sì pè é lẹ́jọ́ pé ó rú òfin Amẹ́ríkà tí ó de fífọ́ ààbò iṣẹ́ oníkọ̀ǹpútà. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 2004, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn dá Skylink láre. Ìtumọ̀ ìdájọ́ náà ni pé ẹni tí ó ti ra ẹ̀rọ ní ẹ̀tọ́ láti lò ó, ẹni tí ó bá sì ta rìmóòtù tí ó bá a mu fún un kò jí nǹkan kan. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òfin ṣì ń ka ẹjọ́ náà títí di òní.

Irú mìíràn ni èyí tí a kọ́ mọ́ inú ọkọ̀. HomeLink ni ó lókìkí jù nínú wọn. Láti ọdún 2013 ni ó ti wà lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ Gentex. Bọ́tìnì rẹ̀ máa ń wà lára dígí inú ọkọ̀ tàbí lára ohun tí awakọ̀ fi ń dí oòrùn. Olè kò lè fà á yọ bí ó ti lè mú rìmóòtù tí a so rọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá jí ọkọ̀ náà lọ ti jí rìmóòtù pẹ̀lú rẹ̀. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí a nu kóòdù kúrò nínú ọkọ̀ kí a tó tà á.

## Pátákó nọ́ńbà

Pátákó nọ́ńbà máa ń wà lára ògiri ìta, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Ẹni tí kò ní rìmóòtù lọ́wọ́, bí ọmọ tí ó ti ilé ìwé dé, lè tẹ nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ kí ó sì wọlé. Èyí tí ó péye tún ní nọ́ńbà ìgbà díẹ̀ tí onílé lè fún àlejò tàbí oníṣẹ́, tí yóò sì di òfo lẹ́yìn iye ìgbà tàbí ọjọ́ tí ó bá yàn.

Nọ́ńbà onídíjíìtì 4 ń fúnni ní àkópọ̀ 10,000, ṣùgbọ́n iye yìí dín kù gan-an bí onílé bá lo ọdún ìbí rẹ̀ tàbí nọ́ńbà ilé rẹ̀. Bí a bá ti ń tẹ bọ́tìnì mẹ́rin kan náà fún ọdún púpọ̀, àwọn bọ́tìnì yẹn yóò pa ju àwọn yòókù lọ. Bí wọ́n bá ti hàn sí olè, àkópọ̀ 24 péré ni ó kù fún un láti dán wò, níwọ̀n ìgbà tí díjíìtì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá yàtọ̀ síra. Yíyí nọ́ńbà padà láti ìgbà dé ìgbà ni àtúnṣe rẹ̀.

## Ẹ̀rọ tí ń lo íntánẹ́ẹ̀tì

Ẹ̀rọ yìí ń so ilẹ̀kùn mọ́ Wi-Fi ilé, ó sì ń jẹ́ kí onílé lè fi fóònù rẹ̀ wo bóyá ilẹ̀kùn ṣí tàbí ó tì, kí ó sì darí rẹ̀ láti ibikíbi. Ohun kékeré kan tí a lẹ̀ mọ́ ara ilẹ̀kùn ni ó ń sọ ipò tí ó wà: bí ó bá nàró, ilẹ̀kùn ti tì, bí ó bá dùbúlẹ̀, ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀. Èyí tí ó gbajúmọ̀ jù ní Amẹ́ríkà ni myQ ti ilé iṣẹ́ Chamberlain. Ọ̀pọ̀ nínú wọn tún lè ti ilẹ̀kùn fúnra wọn bí àkókò kan bá ti kọjá, èyí tí ó wúlò fún ẹni tí ó máa ń gbàgbé.

Títi ilẹ̀kùn láìsí ẹni tí ń wò ó léwu. Ìlànà ààbò UL 325 sọ pé kí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kọ́kọ́ fi ohùn àti iná kìlọ̀ fún ó kéré tán ìṣẹ́jú àáyá 5 kí ilẹ̀kùn tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀. Ohun èlò tí kò ní ìkìlọ̀ yìí kò yẹ ní rírà, bí ó ti wù kí owó rẹ̀ kéré tó.

Ní ọdún 2019, Amazon bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí agbẹ́rùwá rẹ̀ fi lè gbé ẹrù sínú ilé ìgbọ́kọ̀sí oníbàárà tí kò sí nílé. Olè kò rí ẹrù náà jí lẹ́nu ọ̀nà mọ́, ṣùgbọ́n onílé ti fi agbára àtiṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ lé ẹlòmíràn lọ́wọ́.

Ewu àkànṣe tí ó wà nínú irú ohun èlò yìí hàn ní oṣù kẹrin ọdún 2023. Àjọ CISA ti ìjọba Amẹ́ríkà kéde pé àwọn ẹ̀rọ Nexx ní àléébù tí ó jẹ́ kí ẹni tí ó wà lókèèrè lè ṣí ilẹ̀kùn àwọn tí kò mọ̀ rí. Ọ̀kan nínú àwọn àléébù náà ni pé ọ̀rọ̀ aṣínà kan náà ni gbogbo ẹ̀rọ ń lò láti bá olú kọ̀ǹpútà ilé iṣẹ́ sọ̀rọ̀. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀; ṣùgbọ́n níbí, ògiri tí ó lanu kò sí nílé onílé rárá, ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ ni ó wà.

Onílé tún gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ohun èlò tí ó gbára lé kọ̀ǹpútà ilé iṣẹ́ lè yí padà lẹ́yìn tí ó ti rà á. Ní ọdún 2023 kan náà, Chamberlain dí ọ̀nà tí àwọn ètò kọ̀ǹpútà tí kò fún ní àṣẹ ń gbà darí myQ, àwọn tí ń lo ètò Home Assistant sì pàdánù ìsopọ̀ náà ní òpin ọdún yẹn. Àwọn kan ti padà sí ohun èlò tí ń gba àṣẹ láti inú ilé nìkan, láìgba orí íntánẹ́ẹ̀tì kọjá.

## Ìdáàbòbò lọ́wọ́ olè

Kì í ṣe gbogbo olè ni ó nílò kọ̀ǹpútà. Ọ̀nà kan tí àwọn ọlọ́pàá ti ń kìlọ̀ nípa rẹ̀ tipẹ́ ni pé kí olè ki wáyà gígùn bọ àlàfo orí ilẹ̀kùn, kí ó fi kọ́ ohun tí okùn pupa so mọ́, kí ó sì fà á. Ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ni ó ń gbà. Ohun èlò tí a ń lò sí i ni ìbòrí tí ń dí wáyà lọ́wọ́ láti dé ibẹ̀. Àwọn kan máa ń fi okùn ike de ohun náà pa, ṣùgbọ́n èyí léwu, nítorí pé ẹni tí ó há sínú lè má lè tú u nígbà tí iná bá ń jó. Ìbòrí tí ó dára ń dí ọwọ́ ará ìta, kò sì gbọdọ̀ dí ti ará ilé.

Ohun mìíràn ni ọ̀pá ìdábùú tí ń lo iná. Nígbà tí ilẹ̀kùn bá tì tán, ọ̀pá irin yóò wọ inú ojú irin tí ilẹ̀kùn ń gbà rìn, yóò sì yọ kúrò kí ilẹ̀kùn tó tún ṣí. Bí olè bá tilẹ̀ fa okùn pupa, ọ̀pá náà kò ní jẹ́ kí ilẹ̀kùn gbé sókè.

Bọ́tìnì ìsinmi, tí ó wà lára ọ̀pọ̀ bọ́tìnì ògiri, ń sọ fún ẹ̀rọ pé kí ó má ṣe dá rìmóòtù kankan lóhùn. Ó dára fún alẹ́ àti fún ìgbà tí onílé bá rìnrìn àjò. Kò ná onílé ní kọ́bọ̀, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀ pé àwọn ní i.

Rìmóòtù tí a fi sílẹ̀ nínú ọkọ̀ tí ó wà níta ni ọ̀nà tí ó rọrùn jù fún olè, pàápàá bí ìwé ọkọ̀ tí àdírẹ́sì ilé wà lára rẹ̀ bá wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Rìmóòtù kékeré tí a lè so mọ́ kọ́kọ́rọ́, tí awakọ̀ yóò sì mú wọlé, ni ó tán ìṣòro yìí.

## Ìdáàbòbò ẹ̀mí

Ilẹ̀kùn ilé ìgbọ́kọ̀sí wà lára àwọn ohun tí ó wúwo jù tí ń rìn nínú ilé. Ní àwọn ọdún 1980, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọdé ní Amẹ́ríkà ni irú ilẹ̀kùn bẹ́ẹ̀ tẹ̀ pa. Òfin kan tí wọ́n ṣe ní ọdún 1990 mú un ní dandan pé gbogbo ẹ̀rọ aṣílẹ̀kùn ilé gbígbé tí a bá ṣe láti ọjọ́ 1 oṣù kìíní ọdún 1993 gbọ́dọ̀ ní ohun tí kò ní jẹ́ kí ilẹ̀kùn há ènìyàn mọ́lẹ̀.

Ohun tí a mọ̀ jù nínú wọn ni ojú ẹ̀rọ méjì tí ó dojú kọ ara wọn ní apá ọ̀tún àti apá òsì ẹnu ọ̀nà. Ìtànṣán tí ojú lásán kò lè rí ń lọ láti ara ọ̀kan sí èkejì. Bí ọmọ, ajá tàbí táyà kẹ̀kẹ́ bá dí i, ilẹ̀kùn tí ń sọ̀ kalẹ̀ yóò yí padà sókè. Wọn kò gbọ́dọ̀ ga ju ínǹṣì 6, ìyẹn nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 15, lọ láti ilẹ̀, kí ọmọ tí ń rákò má baà gba abẹ́ wọn kọjá. Bọ́tìnì ògiri ní tirẹ̀ gbọ́dọ̀ ga tó ó kéré tán mítà 1.5 kí ọwọ́ ọmọdé má baà tó o.

## Bátìrì ìrọ́pò

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2017, iná ńlá jó ní apá àríwá ìpínlẹ̀ Kalifọ́níà. Iná mànàmáná lọ, àwọn kan, tí àgbàlagbà wà lára wọn, kò sì lè ṣí ilẹ̀kùn láti gbé ọkọ̀ wọn jáde. Ẹ̀mí bọ́ nítorí èyí. Okùn pupa wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí kò lókun, tàbí tí kò mọ ìlò rẹ̀ nínú òkùnkùn àti èéfín, kò lè jàǹfààní rẹ̀.

Ní ọdún 2018, ìpínlẹ̀ náà ṣe òfin SB 969. Láti ọjọ́ 1 oṣù keje ọdún 2019, kò sí ẹni tí ó lè ta ẹ̀rọ aṣílẹ̀kùn tuntun fún ilé gbígbé níbẹ̀ àfi bí ó bá ní bátìrì tí yóò ṣiṣẹ́ nígbà tí iná bá lọ. Fún àwọn ẹ̀rọ kan tí ó ti wà tẹ́lẹ̀, a lè ra bátìrì náà ní ọ̀tọ̀. Bátìrì máa ń gbó bí ọdún ti ń gorí ọdún, yálà a lò ó tàbí a kò lò ó, nítorí náà ó yẹ kí a máa dán an wò.

Ilé ìgbọ́kọ̀sí tí kò ní ilẹ̀kùn mìíràn nílò ihò kọ́kọ́rọ́ kan lára ilẹ̀kùn ńlá, tí a lè fi fa okùn pupa láti ìta. Bí kò bá sí èyí, onílé lè dúró síta pẹ̀lú rìmóòtù lọ́wọ́ nígbà tí iná bá lọ, kí ó má sì rí ọ̀nà wọlé.

## Ohun èlò ìrọ̀rùn mìíràn

Iná lésà tí a ń kàn mọ́ àjà máa ń fi àmì pupa hàn lórí ọkọ̀, kí awakọ̀ lè mọ ibi tí yóò dúró sí. Bọ́tìnì ògiri tí ó mọ̀ bí ènìyàn bá wọlé máa ń tan iná fúnra rẹ̀. Gílóòbù LED olówó pọ́ọ́kú lè tú ìgbì tí ń da rìmóòtù láàmú. Bí rìmóòtù kò bá ṣiṣẹ́ láti òkèèrè mọ́ lẹ́yìn tí a pààrọ̀ gílóòbù, gílóòbù ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ fura sí.

## Ní Nàìjíríà

Ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà, inú ọgbà ilé ni ọ̀pọ̀ onílé ń gbé ọkọ̀ sí, géètì ni ó sì ń ṣọ́ ọ. Mẹ́gáàdì tàbí ẹnì kan nínú ilé ni ó sábà máa ń ṣí i, ṣùgbọ́n àwọn kan ti ń fi ẹ̀rọ sí géètì wọn. Rìmóòtù, kóòdù ayípadà, pátákó nọ́ńbà àti ojú ẹ̀rọ tí a ti sọ̀rọ̀ nípa wọn lókè yìí kan náà ni irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ń lò. Nítorí bí iná mànàmáná ṣe ń ṣe ségesège, bátìrì ìrọ́pò tàbí agbára oòrùn ṣe pàtàkì níbẹ̀ ju ohun èlò mìíràn lọ. Kọ́kọ́rọ́ tí a fi ń já géètì kúrò lára ẹ̀rọ sì gbọ́dọ̀ wà níbi tí gbogbo ará ilé mọ̀.

## Yíyàn àti àbójútó

Bí owó kò bá tó láti ra ohun gbogbo, ohun tí ń dáàbò bo ẹ̀mí ni ó yẹ kí ó ṣáájú: ojú ẹ̀rọ tí ń ṣiṣẹ́, lẹ́yìn náà bátìrì ìrọ́pò. Ohun tí ó kàn ni láti pààrọ̀ ẹ̀rọ tàbí rìmóòtù tí ń lo kóòdù aláìyípadà, kí a tó ronú nípa fóònù àti íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹni tí ó bá ra ilé tí ẹlòmíràn ti gbé gbọ́dọ̀ nu gbogbo rìmóòtù àtijọ́ kúrò lórí ẹ̀rọ, kí ó sì yí nọ́ńbà pátákó padà, bí a ti ń pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́ ilé. Ẹni tí ó bá ń lo áàpù gbọ́dọ̀ lo ọ̀rọ̀ aṣínà tí kò lò níbòmíràn, kí ó sì máa gba àtúnṣe tuntun tí ilé iṣẹ́ bá gbé jáde.

Lóṣooṣù, ó dára láti gbé pákó tí ó nípọn tó ínǹṣì 1.5 sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, kí a sì ti ilẹ̀kùn. Bí ó bá kan pákó náà tí kò sì yí padà sókè láàárín ìṣẹ́jú àáyá 2, ẹ̀rọ náà nílò àtúnṣe. Kí a tún fi nǹkan dí ìtànṣán ojú ẹ̀rọ nígbà tí ilẹ̀kùn bá ń sọ̀ kalẹ̀, láti rí i pé yóò padà. Kí gbogbo ará ilé, títí kan àwọn arúgbó, sì fi ọwọ́ ara wọn fa okùn pupa lẹ́ẹ̀kan, nígbà tí ilẹ̀kùn bá wà ní títì, kí ó má baà jẹ́ ọjọ́ ewu ni wọn yóò kọ́kọ́ mọ bí a ṣe ń lò ó.